Ìwé Tí Mo Kọ sí Onífíríìjì

Èmi ni mo kọ ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò mi jẹ́, ojúlówó Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́. Mo tètè jẹ́wọ́ nítorí títí dòní, bí ẹbí wa bá pàdé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀bi náà bí ẹni ń pín ẹran Iléyá, itan ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú mi.

Ẹgbẹ́dá là ń gbé nígbà náà, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi ọkùnrin, nínú yàrá mẹ́ta tí a gbà lọ́wọ́ onílé. Bàbá wa ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí a tó kó wá. Epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ènìyàn di ẹni ńlá. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà Ìkọ̀tún lọ́dún tó kọjá ti ta oko, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkẹjà, mo ní mọ́tò ìjàpá kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, mo sì gbà pé orílẹ̀-èdè yìí kò lè dá rìn láìsí èmi. Ìyá mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ló ń pè mí, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń fà á gùn, o kò ní mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni àbí ó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́.

Àbúrò mi nìkan ló ní ohun tó lè fi ṣe fáàrí láàárín wa. Télọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, léèsì sì ni gbogbo ayé ń wọ̀ lásìkò náà. Ẹni tó bá lè gé léèsì láì bà á jẹ́, àwọn obìnrin máa ń bẹ̀ ẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń bẹ dókítà lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. A ti lọ tọrọ ọmọ náà, wọ́n ti gbà, yìgì ló kù. Bàbá ọmọ yìí ni gbogbo Ẹgbẹ́dá ń pè ní Alájì, bí ẹni pé òun nìkan ló ti dé Mẹ́kà rí.

Búlọ́ọ̀kù ni Alájì ń tà, ní ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé. Ilé tirẹ̀ yọ bálíkónì sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní ilẹ̀kùn. Bí o bá fẹ́ dé ibẹ̀, àfi kí o gba ojú fèrèsé. Kò kàwé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí náà ó gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ akọ̀wé. Gbogbo ìwé tó bá wọlé ni akọ̀wé yìí máa ń kà sókè ní pálọ̀ níṣojú àlejò, Alájì á sì máa mi orí bí ẹni tó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e ga ju gbogbo wa lọ ni fíríìjì. Pálọ̀ ló gbé e sí, kì í ṣe ilé ìdáná. Ó fi aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun bò ó lórí, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹni so tírà. Bí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, iná ìjọba sì máa ń lọ. Mínírà ló kún inú rẹ̀, àti agolo bọ́tà kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí.

Àìsàn náà kọ́kọ́ wọlé wá bí àwàdà. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Á mu omi àmù tán, á lọ sílé onílé lọ mu tiwọn. Ìyá mi ní ẹ̀pà yíyan ló ń jẹ jù. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí ṣòkòtò bá ń bọ́ nídìí ẹlòmíràn, ẹ̀rù á bà á. Àbúrò mi kàn gbé tirẹ̀ lé ẹ̀rọ ni, ó gbà á wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ṣòkòtò kan ṣoṣo wọlé láàárín oṣù kan, ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Ìyá mi ló rí èèrà. Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí àbúrò mi máa ń tọ̀ sí, èèrà tò láti ìdí ọgbà wá, wọ́n ń pọ̀ sí i bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Ìyá mi wò wọ́n títí. Ó ní òun kò tíì rí èèrà tó ṣìnà rí.

Ní ọjọ́ kẹta tí ìyá mi rí èèrà, àbúrò mi dojú bolẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, léèsì oníléèsì wà lábẹ́ rẹ̀. A gbé e sínú mọ́tò ìjàpá, ó di ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà.

Dókítà tó rí wa kò dàgbà jù mí lọ, nítorí náà mo fi Òyìnbó bá a sọ̀rọ̀, òun náà fi dá mi lóhùn. A jọ ń gbádùn ara wa títí ìyá mi fi ní bí a bá ti ṣe tán, kí a sọ fún òun bóyá ọmọ òun yóò kú. Ojú ti dókítà, ó bọ́ sí Yorùbá. Ó ní oríṣi ìtọ̀ ṣúgà méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń wọ́ wá bá àgbàlagbà tó sanra. Èkejì a máa ki ọmọdé àti ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀ lójijì, òun ló mú àbúrò mi. Omi kan wà nínú ara tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Tirẹ̀ ti dá. Kì í ṣe ohun tó jẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Láràárọ̀ ni a ó máa fi abẹ́rẹ́ fún un ní omi náà láti òde wá. Ínsúlínì lorúkọ rẹ̀.

Ìyá mi béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí i. Wọ́n ní lára ẹran ni. Ó ní ẹran wo. Nọ́ọ̀sì yí ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó kà á, ó ní màlúù. Ìyá mi ní alihamudulilahi. Ó wá béèrè ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà yóò parí. Dókítà wo bàtà ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló dáhùn.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

"Mo ti jẹ."

"Ṣé ẹ máa jẹ lọ́la?"

Ìyá mi na ọwọ́, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

A kó sìríńjì onígíláàsì kan délé, abẹ́rẹ́ irin mẹ́ta, ìgò ínsúlínì mélòó kan, túùbù onígíláàsì, àti omi búlúù kan tí a fi ń yẹ ìtọ̀ wò. Láràárọ̀, àbúrò mi á tọ̀ sínú ife, a ó kán díẹ̀ sínú omi búlúù, a ó gbé e sórí iná. Bó bá dúró ní búlúù, ara dá. Bó bá di àwọ̀ ewé, ẹ máa wò ó. Bó bá di yẹ́lò, ẹ ṣọ́ra. Bó bá pupa, ẹ gbéra. Ìyá mi tí kò mọ ìwé kankan kà ló kọ́kọ́ mọ èyí kà. Á gbé túùbù náà sójú fèrèsé, á ní, "Akọ̀wé, wá wò ó, a ti dé ọ̀nà Ìgándò," ìyẹn ni pé ó ti pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà náà. Ó ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún síse abẹ́rẹ́, ó sì bá ìyàwó onílé tó fẹ́ fi se ẹyin jà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí à ń tìtorí rẹ̀ se abẹ́rẹ́ kò fẹ́ fojú rí i. Télọ̀ tí abẹ́rẹ́ ń gún níka lójoojúmọ́, tí á fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí á máa rán aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fa ínsúlínì sínú sìríńjì báyìí, á di ojú, á pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tó mọ̀, á tún hùmọ̀ díẹ̀ kún un. Ìyá mi á dì í mú, èmi á gún un nítan. Mo ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé, nítorí náà ìmọ̀ wà nínú bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n. Dókítà ti kìlọ̀ pé kó kọ́ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí èmi tàbí ìyá wa nílé. Ó ní bí ọjọ́ kan bá kọjá láìsí abẹ́rẹ́, ewu ni. Bó bá di mẹ́ta, ó lè máà sí ẹni tí a ó gún mọ́. Àbúrò mi ní òun gbọ́. Ìyẹn nìkan ló ṣe sí i.

Nọ́ọ̀sì tún ní kí a máa fi ínsúlínì síbi tó tutù. Ìgò kan tí à ń lò, a lè fi í sínú agolo, kí a gbé e léfòó nínú àmù. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù, tí a ó fi lo oṣù méjì, fíríìjì ni. Ní àdúgbò wa nígbà náà, bí o bá ti dárúkọ fíríìjì, ẹni kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ìyá mi ní kí a dìde, kí a lọ sọ fún Alájì. Ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín wa. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ àna nìyí, kò yẹ kí a kàn fi ẹnu lásán gbé e lọ, ó yẹ kó wà lákọsílẹ̀. Ìyá mi ní ṣé fíríìjì náà ló máa ka ìwé ọ̀hún ni. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi.

Gbogbo ènìyàn, títí kan dókítà, ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń pe àìsàn yìí. Èmi kò fẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa ní yunifásítì pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílé kò gbọdọ̀ máa yá ti Òyìnbó, ọ̀rọ̀ àyálò sì ni ṣúgà. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: àtọ̀gbẹ, àìsàn ẹni tó ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi gbẹ. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo dìde, mo rìn yí yàrá ká. Ẹ̀rọ mi kò ní àmì ohùn, kò sì ní ohun tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn lè pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí mo dé àárín ọ̀rọ̀ náà gan-an, aago ẹ̀rọ dún pé ìlà ti tán. Mo ti ẹ̀rọ padà, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Báyìí ló ṣe jáde:

"Alaaji, alaye ti awon dokita se fun wa ni pe ato
gbe ni o n se aburo mi. Eyi ti o n lo lowo wa nile, inu amu ni a fi si. Eyi ti o ku ni a fe ki e ba wa toju sinu firiji yin, nitori bi ko ba tutu, yoo baje."

Ọ̀rọ̀ oògùn wà lójú ewé kejì.

Ojú ewé kejì kò rí ẹni kà á. Ọmọ Alájì, àfẹ́sọ́nà àbúrò mi, ló ròyìn fún wa lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún òun. Àlejò mẹ́rin wà ní pálọ̀ tí wọ́n wá ra búlọ́ọ̀kù, mínírà wà lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé na ọrùn, ó kà á ketekete bó ṣe rí i, ó sinmi díẹ̀ níparí ìlà: àtọ̀, gbẹ. Alájì tó ń mi orí bí ìṣe rẹ̀ dá orí dúró ní agbedeméjì. Akọ̀wé, olóòótọ́ ènìyàn, tẹ̀síwájú: ó ní èyí tó kù ni wọ́n fẹ́ kí Alájì bá wọn tọ́jú sínú fíríìjì. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà rọra gbé mínírà rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá àìsí àmì ohùn lẹ́bi, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láìmọye ìgbà. Fi gbogbo àmì tó wà láyé sí i, bákan náà ni ohùn wọn. Àlàfo kékeré tó wà níparí ìlà yẹn nìkan ló ya ìtọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí.

Dírẹ́bà Alájì ló mú èsì wá, ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ló sì gbé e lọ, níwájú oníbàárà. Ó ní Alájì ní kí a wá fíríìjì mìíràn. Ó ní Alájì tún ní, òun kò bí ọmọ kó lọ jókòó sílé ọkọ máa wo ògiri, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ yìgì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn aláàárù ti ru ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ iṣu ní Ṣáṣá, ó ti ń gba ibẹ̀ lọ sí Ìpájà.

Àánú ló wá burú ju ẹ̀gàn lọ. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun rí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bí mẹ́ta báyìí. Onílé wa gbé ìgò àgbo kan wá. Ó ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, jẹ̀díjẹ̀dí ló sì ń fa ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé ìyókù. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìgò àgbo márùn-ún ló tò sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó gbé wọn wá tó béèrè pé kí ló ń ṣe é gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi se abẹ́rẹ́, mo fa ínsúlínì, àbúrò mi kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ní òun kò gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́.

"Kí n lè pẹ́ láyé lẹ ṣe ń gún mi, àbí? Kí n pẹ́ láyé, kí n máa gba àgbo?"

Mo sọ fún un pé màá kọ ìwé mìíràn tí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ jàre. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sí wọn pé mo ti kú. Yorùbá yín yẹn náà ni kí ẹ fi kọ ọ́, bóyá wọ́n á kà á pé mo bímọ."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó sunkún díẹ̀, ó tún padà sídìí èébú. Kò gbà. A kò lè dì í mú tipátipá. Bó ti wù kó rù tó, ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọdún mẹ́fà, agbára wà nítan rẹ̀. Ọjọ́ náà kọjá láìsí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó ti mu omi àmù dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, ó ń di ògiri mú rìn. Ìyá mi yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ó gbé túùbù náà sójú fèrèsé, ó pupa ju bí mo ṣe rí i rí lọ, ìyá mi kò sì dá àpárá kankan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Ibẹ̀ la wà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni, ó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá sílé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó kí mi, kò wo ibi tí àbúrò mi jókòó sí. Ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé méjèèjì.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Mo ní èmi ni.

"Àwọn ọmọ tí mo lọ kọ́ níjọ́sí, bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ sí méjì níparí ìlà tí wọn ò fi nǹkan so ó pọ̀, mo máa ń nà wọ́n ni."

Ó ti ka ojú ewé kejì, gbogbo rẹ̀ sì ti yé e. Ó béèrè bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ. Ìyá mi sọ fún un pé láti àárọ̀ àná ni kò ti gbà á mọ́. Ìgbà yẹn ló tó yíjú wo àbúrò mi, ó wò ó títí, kò bá a wí. Ó kàn ní kí a kó gbogbo ẹrù náà, túùbù, ìkòkò, sìríńjì, ínsúlínì, kí a tẹ̀lé òun lọ sílé bàbá òun, torí bàbá òun kì í gba ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí. Àbúrò mi ní òun kò lọ síbì kankan. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, kó jókòó, òun á bá a gbé ìtọ̀ rẹ̀ nìkan lọ. Ìyẹn ló gbé e dìde.

A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba iwájú ilé mẹ́fà. Ìyá mi gbé ìkòkò, mo gbé sítóòfù, àfẹ́sọ́nà gbé ife tí ó fi àwo pẹrẹsẹ dé lórí, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá rí bí ẹni gbé tíì lọ fún àgbà. Àbúrò mi fi ọwọ́ lé mi léjìká tẹ̀ lé wa.

Alájì àti akọ̀wé rẹ̀ ló wà ní pálọ̀. Alájì fi ohùn tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀ kí ìyá mi. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìparí ìlà náà, ó ṣàlàyé. Akọ̀wé ní ohun tí òun rí ni òun kà. Òtítọ́ ni, n kò sì tíì dárí jì í.

"Ìtọ̀ ṣúgà?" ni Alájì wí. "Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi wò mí. Akọ̀wé wò mí. Àbúrò mi tí kò lágbára láti jókòó dáadáa náà gbìyànjú láti wò mí. Fíríìjì kùn ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ìyá mi kò dúró gbọ́ àlàyé mi. Ó tan sítóòfù sórí tábìlì ńlá pálọ̀, èyí tí Alájì kò tíì bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti rà á. Omi búlúù hó, ó di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó pupa. Alájì fà sẹ́yìn nínú àga rẹ̀.

"Ṣúgà nìyẹn?"

"Ṣúgà ni, Alájì."

"Lára télọ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ẹni ńlá ló máa ń bá jà jù," ni ìyá mi wí, ojú rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó sanra ni dókítà sọ. Ìyá mi ló túmọ̀ rẹ̀.

Alájì ronú sí i. Ó dìde, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ife tánganran olómi góòlù létí ló gbé lọ́wọ́. Ó ní kí a yẹ tòun náà wò. Ìyá mi fọ túùbù, ó kán an sí i, ó gbé e sórí iná, gbogbo wa na ọrùn. Búlúù. Ó hó títí, búlúù ni.

"Ẹ tún un sè."

A tún un sè. Bí ojú ọ̀run ẹ̀ẹ̀rùn ló rí.

"Horo ṣúgà méje ni mo ń fi sí tíì," ni Alájì wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àárọ̀ méje, alẹ́ méje."

Ìyá mi ní kó ṣe sùúrù, bóyá kò tíì yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Akọ̀wé ń wo àjà ilé.

Bí ìtìjú náà ṣe ń mú Alájì lọ́wọ́ ni ìyá mi tọrọ àyè nínú fíríìjì. Kò bá a jiyàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí i, ó ti agolo bọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò ínsúlínì sílẹ̀ bí ẹni to ẹyin. Láì wẹ̀yìn, ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi pé ta ló ń gún un. Ìyá mi ló ní àwa ni, pé òun ló máa ń dì í mú.

"Bí àgbò?"

"Ó fẹ́ jọ ọ́."

Alájì wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ni yóò máa dì í mú bí wọ́n bá ṣe yìgì tán.

"Rárá, Bàbá." Ó kọjú sí àbúrò mi. "N kò ní dì yín mú. Ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n máa kó fún mi ní kíláàsì, n kò wá ọ̀kan kún un nílé. Bí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí kí n mọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ kú, ẹ gba sìríńjì."

Àbúrò mi na ọwọ́ sí mi. Mo gbé sìríńjì náà fún un, ṣùgbọ́n ìka mi kò tètè tú u sílẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, gígún un nìkan ni iṣẹ́ pàtàkì tí mo ń ṣe. Ó fà á lọ́wọ́ mi. Ó yí ìgò ínsúlínì láàárín àtẹ́lẹwọ́ bó ṣe rí i tí mo ń ṣe é, ó fà á dé ìlà tó yẹ, ó gbé e wò lójú ìmọ́lẹ̀. Ṣòkòtò tó ti gbà wọlé lẹ́ẹ̀mẹta kò ṣeé ká dé itan, ó wá gbé ẹ̀wù sókè, ó di awọ ikùn mú. Ó di ojú. Ó ṣí i. Ó tún fẹ́ di í, ó wo ọmọbìnrin náà, kò di í mọ́. Ó gún un.

Alájì ti kọjú sí inú fíríìjì. Akọ̀wé rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ìyá mi rántí pé ó gbọdọ̀ jẹun láìpẹ́. Gbogbo pálọ̀ rú. Alájì nawọ́ sí mínírà, ìyá mi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún àwọn méjèèjì. Kò sí nǹkan mìíràn nínú fíríìjì tó ga jù lọ ní Ẹgbẹ́dá tí ènìyàn lè jẹ. Ọmọbìnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bu ẹ̀wà tí wọ́n sè fún àwọn tó ń po búlọ́ọ̀kù wá, àbúrò mi sì jẹ ẹ́ lórí ọ̀rá tábìlì, gbogbo wa dúró yí i ká, à ń wo ṣíbí bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Alájì ní kí ọ̀rọ̀ yìgì wà bí a ṣe fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì wẹ̀ wá ní èébú ní Ìkẹjà, èmi àti àbúrò mi, kò dá ẹnì kankan sí.

Ṣùgbọ́n kí Mọ́ńdè tó dé, Sọ́ńdè wà níbẹ̀. Láàárọ̀, ìyá mi se abẹ́rẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè láti di ọmọ rẹ̀ mú. Àbúrò mi gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba sìríńjì lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró síta bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó jókòó. A gbọ́ tó ń pe Ọlọ́run, orúkọ kan ṣoṣo. Ìyá mi na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó tún fà á padà.

"Ó ti wọlé," ni àbúrò mi wí láti inú yàrá.

Ìyá mi sọ apá bùbá rẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì lọ bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀.